Bí A Ṣe Ń Yan Alùpùpù fún Títì Ọ̀dà àti Ọ̀nà Oko

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo, tó sì ní oko tàbí ará ilé lábúlé, mọ̀ pé ọ̀nà méjì tí kò jọra rárá ni alùpùpù òun lè tọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Láàárọ̀, yóò gba títì Gbọ̀ngán lọ, tírélà àti bọ́ọ̀sì yóò sì máa sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá fi máa kan àtàrí, yóò ti yà kúrò lórí ọ̀dà sí ojú ọ̀nà ilẹ̀ pupa tí àgbàrá ti wa, níbi tí ẹsẹ̀ kì í ti í ráyè dúró bí òjò bá ti rọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe alùpùpù ní irú kan tí wọ́n dìídì ṣe fún ìlò méjèèjì yìí: ikùn rẹ̀ ga sí ilẹ̀, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ gùn, táyà rẹ̀ ní eyín, tánkì rẹ̀ sì máa ń gba epo tó tó ìrìn àjò. Irú alùpùpù yìí ni mo fẹ́ kọ̀wé lé lórí, nítorí owó tí èèyàn ń ná lé e kò kéré, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó ra èyí tó dára gan-an, tó wá gbé e sílé tó ń gun ọ̀kadà lọ sí oko, nítorí pé èyí tó rà kò bá ọ̀nà rẹ̀ mu.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ra máa ń kọ́kọ́ béèrè ni iye cc ẹ́ńjìnnì, ìyẹn bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó. Ní tèmi, ìwúwo rẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè, kí a béèrè ibi tí a ó ti rí páàtì àti ẹni tí yóò máa tún un ṣe tẹ̀lé e, kí ọ̀rọ̀ agbára ẹ́ńjìnnì tó wá gba ipò kẹta. Ẹni tó bá tẹ̀lé ètò yìí lè má ra alùpùpù tí àwọn ọ̀dọ́ yóò máa dúró wò ní Ọláìyá, ṣùgbọ́n yóò ra èyí tí yóò máa gbé e lọ tí yóò sì máa gbé e bọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí ẹ ń rìn

Kí ẹ tó lọ bá ẹnikẹ́ni tó ń ta alùpùpù, ẹ mú ìwé, kí ẹ sì kọ gbogbo ọ̀nà tí ẹ rìn láàárín oṣù kan sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀nà tí ẹ ń retí láti rìn lọ́jọ́ kan ni kí ẹ kọ o, èyí tí ẹ ń rìn gan-an ni. Ẹni tó jẹ́ pé Òṣogbo sí Ìbàdàn ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, tí ó sì ń yà sí oko lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kò nílò ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń kó èso kòkó jáde láti inú oko ní agbègbè Iléṣà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní apá Ìràgbìjí, òkúta ni ẹ ó bá pàdé. Ní Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, òkè ni, tí alùpùpù yóò máa gùn tí yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá sì ń lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà níbi ìṣàn omi Olúmirin yóò rin títì tó dára fún ọ̀pọ̀ ìrìn náà, kí ó tó kan ibi tí ọ̀nà ti le.

Ẹ kọ ìgbà tí ẹ ń rìn ín pẹ̀lú. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀ dáadáa ní ọ̀dọ̀ wa, ilẹ̀ pupa a sì máa yọ̀ bí ọṣẹ nígbà náà. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹrẹ̀ yìí kan náà a di eruku lẹ́búlẹ́bú tó ń wọ inú gbogbo ihò tó bá wà lára ẹ́ńjìnnì. Alùpùpù tí kò ní wàhálà nínú oṣù kejì lè di ẹrù nínú oṣù kẹsàn-án, nítorí náà ẹ yan èyí tó lè kojú oṣù tó burú jù nínú àwọn tí ẹ ti kọ sílẹ̀.

Ìwúwo

Alùpùpù tó bá ń rin ọ̀nà oko yóò ṣubú. Kò sí ẹni tó ń gun irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ déédéé tí kò ṣubú rí, kò sì sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ta ni yóò gbé e dìde? Bí ẹ bá ṣubú ní Ìgbọ̀nà, kí ẹ tó gbọn eruku ara yín tán, àwọn èèyàn á ti sáré wá bá yín gbé e. Bí ẹ bá ṣubú lójú ọ̀nà oko tí ilẹ̀ ti ń ṣú lọ, ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀, àti ohun tí ẹ rà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwọ̀n wọn pẹ̀lú epo nínú tánkì. Boxer tí àwọn ọlọ́kadà wa ń gùn kò tó 130 kg. Honda XR150L, tó jẹ́ alùpùpù kékeré tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà tí kò dára, jẹ́ nǹkan bíi 129 kg. Honda CRF300L jẹ́ bíi 142 kg. Láti ibẹ̀, ìwọ̀n á wá gbéra: Royal Enfield Himalayan oní-411 cc jẹ́ 199 kg, Yamaha Ténéré 700 jẹ́ bíi 205 kg, Honda Africa Twin oní-1,084 cc jẹ́ bíi 226 kg, BMW R 1250 GS sì jẹ́ 249 kg kí ẹ tó so àpótí ẹrù kankan mọ́ ọn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín CRF300L àti BMW yìí ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ. Ẹ ronú bí ẹni tó ń gun alùpùpù yóò ṣe fi àpò sìmẹ́ńtì méjì kún ẹrù rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé alùpùpù ńlá ló yẹ ọ̀nà líle, nítorí ìtàn tí wọ́n gbọ́ nípa Paris sí Dakar, ìdíje ọlọ́jọ́ púpọ̀ tó ń la aṣálẹ̀ kọjá. Òtítọ́ ni pé BMW gbé R 80 G/S jáde ní ọdún 1980, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ súnmọ́ 800 cc, tí Hubert Auriol sì gun BMW borí nínú ìdíje náà ní 1981 àti 1983, tí Gaston Rahier náà borí ní 1984 àti 1985. Aṣáájú ni alùpùpù yẹn jẹ́, òun ló sì la ọ̀nà fún gbogbo irú èyí tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n àwọn tó gùn ún nígbà náà jẹ́ akọni nínú iṣẹ́ wọn, wọ́n ní mẹkáníìkì tiwọn, aṣálẹ̀ gbalasa tó gbẹ sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí wọ́n gbà. Láti ọdún 2011, òfin ìdíje náà kò gba ẹ́ńjìnnì alùpùpù tó bá ju 450 cc lọ mọ́, àwọn tó ń díje síbẹ̀ ń la òkè àti iyanrìn kọjá. Bí 450 cc bá tó fún wọn, kò yẹ kí ẹni tó ń lọ sí oko rẹ̀ ní ìtòsí Ẹdẹ rò pé 450 cc kéré sí òun.

Ọ̀nà kan wà láti mọ ohun tí agbára yín ká. Ẹ bẹ ẹni tó ń tà á kí ó jẹ́ kí ẹ rọra tẹ́ alùpùpù náà sórí táyà àlòkù méjì, kí ẹ sì gbé e dìde ní ẹ̀yin nìkan. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi sí jíà kìn-ín-ní kí ó má baà yí. Bí ó bá jẹ́ apá ọ̀tún ló ṣubú sí, ẹ kọ́kọ́ na irin ìdúró rẹ̀ síta, kí ó má baà kọjá lọ ṣubú sí apá òsì. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, ẹ lóṣòó, kí ìdí yín kan ìjókòó rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan di hándù tó wà nísàlẹ̀ mú, kí ẹ fi ọwọ́ kejì di irin ẹ̀yìn mú, kí ẹ sì máa fi ẹsẹ̀ tì í dìde bí ẹni tó ń rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Itan ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹ má ṣe fi ẹ̀yìn ṣe é. Bí ẹ bá lè gbé e dìde lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra láìsí ìnira ńlá, ìwọ̀n yẹn bá yín mu. Bí ẹ kò bá lè gbé e nínú ṣọ́ọ̀bù tó mọ́ tó gbẹ, ẹ kò ní lè gbé e nínú ẹrẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ pé kí ẹ má dán an wò báyìí, ó kéré tán, kí ó jẹ́ kí ẹ tì í síwá sẹ́yìn, kí ẹ sì yí i po pẹ̀lú ọwọ́ nìkan.

Gíga ìjókòó

Alùpùpù ọ̀nà oko máa ń ga, nítorí ikùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí òkúta. Ìjókòó Himalayan 411 jẹ́ 800 mm sí ilẹ̀, èyí tó rọrùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ti Ténéré 700 jẹ́ 875 mm, ti CRF300L sì jẹ́ 880 mm. Ẹ má ṣe fi iye yìí nìkan dájọ́, nítorí ìjókòó tó fẹ̀ máa ń la itan débi pé ẹsẹ̀ kò ní balẹ̀ dáadáa, nígbà tí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ lè ga jù ú lọ tí ẹsẹ̀ yóò sì kan ilẹ̀. Ẹ wọ bàtà tí ẹ ó máa wọ̀ gùn ún gan-an lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ jókòó sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dì í mú. Bí iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì bá tẹlẹ̀ ṣinṣin, ó dára. Bí ìka ẹsẹ̀ nìkan bá ń ta ilẹ̀, a jẹ́ pé bí ẹ bá dúró níbi tí ilẹ̀ ti dagun, ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò ṣubú sí. Àwọn mẹkáníìkì kan lè gé fóòmù ìjókòó kúrò díẹ̀, èyí kò sì burú. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí a gé ṣọ́ọ̀kì kúrú, nítorí ikùn alùpùpù ni yóò máa gbá òkúta lẹ́yìn náà.

Ẹ́ńjìnnì

Fún ẹni tí ọ̀nà oko àti ìgboro Òṣogbo jẹ́ gbogbo ìrìn rẹ̀, 150 cc sí 250 cc oní-píísítìnnì kan ṣoṣo tó. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ fúyẹ́, kò ní ohun púpọ̀ tó lè bàjẹ́, ó sì máa ń ní agbára ìfà láti ìsàlẹ̀, èyí tó ṣe pàtàkì ju eré sísá lọ nígbà tí ẹ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Ibi tí yóò ti kù díẹ̀ káàtó ni títì márosẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 150 cc lè sá eré tó tó 90 km ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n gbogbo agbára rẹ̀ ni yóò ti lò tán, kò ní ku ohun tí yóò fi sá fún tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá ń gba títì Gbọ̀ngán lọ sí Ìbàdàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nílò nǹkan bíi 300 sí 450 cc, kí ẹ́ńjìnnì lè máa lọ ní ìrọ̀rùn kí agbára sì wà nípamọ́ fún ìgbà tó bá fẹ́ ya ọkọ̀ kan sílẹ̀. Himalayan oní-411 cc kò ní ju agbára ẹṣin 24 lọ. Èyí tó rọ́pò rẹ̀, oní-452 cc tí omi ń tù, ní bíi 40, ìyàtọ̀ méjèèjì sì hàn gbangba lórí títì.

Ní ti 650 cc sí 700 cc, mo fara mọ́ ọn fún ẹni tó ń rin ọ̀nà jíjìn nígbà púpọ̀, bí Òṣogbo sí Àbújá, tí ó sì ti mọ alùpùpù gùn fún ọdún díẹ̀. Láti 1,000 cc lọ sókè, n kò gba ẹnikẹ́ni tó ń lọ sí oko nímọ̀ràn rẹ̀. Ẹ̀rọ tó dára ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀nà wa kọ́ ni wọ́n ṣe wọ́n fún.

Ẹ béèrè bí epo ṣe ń dé inú ẹ́ńjìnnì. Kàbúrétọ̀ ni ti ayé àtijọ́, kò sì sí mẹkáníìkì alùpùpù ní Òṣogbo tí kò lè tú u, fọ̀ ọ́, kí ó sì tò ó padà lábẹ́ igi. Ínjẹ́kítọ̀ ni ti òde òní: ó ń ṣọ́ epo lò, ó ń tètè tan láàárọ̀, kò sì ń dààmú bí ẹ bá gun òkè gíga. Àmọ́ ó fẹ́ bátìrì tó ní agbára, ó sì kórìíra ìdọ̀tí àti omi nínú epo. Ẹni tó ń ra epo inú jálá àti ike lójú ọ̀nà abúlé, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe nígbà mìíràn, gbọ́dọ̀ máa fi asẹ́ tó dára da epo sí tánkì. Ẹ wo ìwé alùpùpù náà pẹ̀lú kí ẹ lè mọ irú epo tó ń fẹ́, nítorí ẹ́ńjìnnì eléré tó ń fún epo mọ́lẹ̀ gan-an a máa kanlẹ̀ kó-kó-kó nínú bí epo kò bá dára tó.

Ohun kan tún wà níbi ooru. Ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ ń tù máa ń gbóná nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọjọ́ ọjà, ṣùgbọ́n kò ní rédíétọ̀, ìyẹn ibi tí omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì ti ń tutù, tí òkúta lè lù fọ́. Èyí tí omi ń tù dúró déédéé nínú ooru, bí ẹ bá sì rà á, ẹ rí i pé irin ààbò wà níwájú rédíétọ̀ rẹ̀. Ẹ máa fọ ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀, nítorí ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ọn kì í jẹ́ kí atẹ́gùn gbà á kọjá.

Táyà àti ríìmù

Táyà iwájú ló máa ń sọ ohun tí wọ́n ṣe alùpùpù fún, ohun yòówù kí ìrísí rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá rí ìǹṣì 17 níwájú, títì ọ̀dà ni. Ìǹṣì 19 wà láàárín méjì, òun ni ẹ ó bá lára Suzuki V-Strom 650 àti BMW R 1250 GS. Ìǹṣì 21 ni ti ọ̀nà oko gan-an, bí i ti Himalayan, Ténéré 700 àti Africa Twin. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: bí táyà bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa gun orí òkúta àti gbòǹgbò kọjá dípò kí ó já sínú kòtò kí ó sì gbá ríìmù rẹ̀. Ṣùgbọ́n táyà ìǹṣì 21 tẹ́ẹ́rẹ́, ìwọ̀nba ni ibi tó ń kan ọ̀dà, kò sì yára yí kọ́nà bí i ti 17. Ẹni tí ìdajì ìrìn rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà lórí ilẹ̀, kí ó mú 21. Ẹni tí títì pọ̀ jù fún, 19 ni kí ó mú.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé Boxer ní ìǹṣì 17 níwájú, ó sì ń lọ oko lójoojúmọ́. Òótọ́ ni. Ìwúwo rẹ̀ tó kéré ló ń gbà á là níbẹ̀, pẹ̀lú ọgbọ́n ẹni tó ń gùn ún, ẹ̀rí sì ni èyí jẹ́ pé kí alùpùpù fúyẹ́ ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun ìlò tí ilé iṣẹ́ lè tò mọ́ ọn lọ.

Ríìmù oní-sípóòkù ló yẹ ọ̀nà líle, nítorí ó máa ń tẹ̀ díẹ̀ kí ó tó ṣẹ́, a sì lè tún un tò. Ríìmù tí wọ́n dà lápapọ̀ dára lórí ọ̀dà, ṣùgbọ́n bí ó bá gbá kòtò tó mú, ó lè là, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ríìmù oní-sípóòkù ń lo túùbù. Àwọn kan a máa ráhùn nípa túùbù, ṣùgbọ́n ní àyíká Òṣogbo, ànfààní ló jẹ́: kò sí abúlé tí ẹ kò ní rí ẹni tó ń lẹ túùbù. Táyà aláìní-túùbù rọrùn láti dí bí ìṣó bá gún un, ẹ ó fi okùn ìlẹ̀ rẹ̀ sí i láìyọ táyà, ṣùgbọ́n bí ríìmù rẹ̀ bá ti tẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ní dúró nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ ra túùbù iwájú kan àti ti ẹ̀yìn kan pamọ́, pàápàá ti ìǹṣì 21, nítorí 17 àti 18 ni àwọn tó ń ta táyà fún ọlọ́kadà sábà máa ń kó. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń yọ táyà fúnra yín pẹ̀lú, nínú àgbàlá ilé, kí ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ẹ bá wà nínú igbó.

Ní ti eyín táyà, ẹ má jẹ́ kí ojú yín wọ èyí tí eyín rẹ̀ tóbi jù. Ó ń fa ẹrẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń pariwo lórí ọ̀dà, ó ń tètè jẹ tán, bíréèkì rẹ̀ kò sì dá mi lójú lórí títì tí òjò ti pa. Fún ọ̀pọ̀ wa, táyà tí wọ́n ṣe fún ìlò ọgbọọgba lórí ọ̀dà àti lórí ilẹ̀ ló bójú mu, kí a sì fi ti eléyín ńlá sílẹ̀ fún ẹni tó ń gbé inú oko. Bí ẹ bá dé orí ilẹ̀ rírọ̀, ẹ lè dín afẹ́fẹ́ táyà kù láti bí 33 psi (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà) tí ẹ fi ń rin títì sí nǹkan bíi 24, táyà yóò tẹ́, yóò sì di ilẹ̀ mú dáadáa. Kí ẹ tó padà sórí ọ̀dà, ẹ fẹ́ ẹ padà, nítorí táyà tó rọ̀ máa ń gbóná nínú eré, ó sì lè bẹ́. Pọ́ńpù kékeré tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò nínú ẹrù yín.

Ikùn, ṣọ́ọ̀kì àti epo

Àlàfo tó wà láàárín ikùn alùpùpù àti ilẹ̀ máa ń wà nínú ìwé rẹ̀. V-Strom 650 ní 170 mm, Himalayan 411 ní 220 mm, Ténéré 700 ní 240 mm, Africa Twin sì ní 250 mm. Fún ọ̀nà oko tí táyà ọkọ̀ akẹ́rù ti wa ipa sí, n kò ní fẹ́ ohun tó bá kéré ju 200 mm lọ. Ẹ rántí pé bí ẹ bá gbé ìyàwó tàbí àpò gàrí sẹ́yìn, ṣọ́ọ̀kì yóò wọlẹ̀, àlàfo náà yóò sì dín. Nítorí náà, ẹ béèrè bóyá a lè fún sípíríǹgì ẹ̀yìn le.

Ní ti epo, ìṣirò kékeré ni. Ẹ mú iye lítà tánkì, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po iye kìlómítà tó ń rìn lórí lítà kan. Himalayan oní-lítà 15, bí ó bá ń rin 30 km lórí lítà kan, yóò lọ bíi 450 km. CRF300L tí tánkì rẹ̀ kò gbà ju lítà 7.8 lọ yóò ṣe bíi 200 km, èyí sì tó fún gbogbo ìrìn tó wà láàárín Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní àlọ àti àbọ̀. Ẹ má ṣe ra tánkì ńlá nítorí ìrìn àjò tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ìwúwo ni.

Ẹ bá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bá ẹni tó ń tà sọ̀rọ̀

Ẹ lọ bá ẹni tó ń tún alùpùpù yín ṣe, kí ẹ dárúkọ èyí tí ẹ fẹ́ rà fún un, kí ẹ sì fi àwòrán rẹ̀ hàn án. Ẹ bi í léèrè bóyá ó ti tú irú rẹ̀ rí, ibi tí yóò ti rí pálétì kúlọ́ọ̀ṣì, páàdì bíréèkì, asẹ́ afẹ́fẹ́, wáyà kúlọ́ọ̀ṣì àti ṣéènì rẹ̀, àti iye ọjọ́ tí yóò gbà kí wọ́n tó dé. Àwọn nǹkan yìí ló ń jẹ tán kíákíá. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ pé láti òkè òkun ni wọn yóò ti máa bọ̀, ẹ fi owó páàtì ọdún kan kún owó alùpùpù náà nínú ìṣirò yín, kí ẹ sì tún rò ó wò. Ìwà ọ̀làwọ́ tó wà lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì wa pọ̀. Bí ẹ bá bi wọ́n kí ẹ tó rà, wọn yóò sọ òtítọ́ tí ẹni tó ń tà kò ní sọ.

Asẹ́ afẹ́fẹ́ ni kí ẹ ṣọ́ jù nígbà ọyẹ́. Ẹ wo bí ó ṣe rọrùn tó láti yọ. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ tú ìdajì alùpùpù kí ẹ tó rí i, ẹ kò ní máa fọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ, eruku yóò sì jẹ ẹ́ńjìnnì náà láti inú. Ṣéènì ni mo fẹ́ ju irin ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ, nítorí ó fúyẹ́, a sì ń rí i rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń fẹ́ ọ́ìlì ní bíi 500 km kọ̀ọ̀kan àti lẹ́yìn gbogbo òjò.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kí ó má tíì tan án kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀; bí ó bá ti gbóná, ẹ bi í ní ìdí. Èéfín búlúù tó ń jáde láti sàláńsà fi hàn pé ọ́ìlì ń jóná, ọ́ìlì tó funfun bíi wàrà sì fi hàn pé omi ti wọlé. Ẹ gbé táyà iwájú sókè, kí ẹ rọra yí hándù láti ọ̀tún sí òsì: bí ó bá kọ́ díẹ̀ ní àárín, béríǹgì ọrùn rẹ̀ ti jẹ. Ẹ fi ìka nu ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì iwájú, bóyá ọ́ìlì ń jò níbẹ̀. Ẹ yí táyà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wò ó bóyá ríìmù ń jó lọ́tùn-ún lósì. Ẹ tẹríba wo abẹ́ rẹ̀ pátá, láti orí ọrùn dé ibi tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn gbé so, bóyá ojú wẹ́lídà tuntun wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí i lára igi ẹ̀yìn ara rẹ̀, ẹ máa lọ, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ wálẹ̀.

Kí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti nọ́ńbà igi ara alùpùpù náà bá ti inú ìwé mu, kí ìwé aṣọ́bodè rẹ̀ wà. Láísẹ́ǹsì alùpùpù ní Nàìjíríà ni ẹ̀ka A, ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò bo alùpùpù. Lẹ́yìn èyí, ẹ gùn ún lórí títì àti lórí ilẹ̀, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dìde dúró lórí ibi ìtẹsẹ̀ bí ẹ bá wà lórí ilẹ̀. Bí ẹ bá ní láti tẹ̀ kọdọrọ kí ọwọ́ yín tó dé hándù, ẹ̀yìn yóò máa dùn yín, ṣùgbọ́n ohun tí ń gbé hándù sókè kò wọ́n. Bí ó bá ní ABS, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí bíréèkì di táyà mú pa, ẹ béèrè bóyá a lè pa ti ẹ̀yìn, nítorí lórí òkúta wẹ́wẹ́, ABS lè jẹ́ kí alùpùpù máa lọ nígbà tí ẹ fẹ́ kí ó dúró. Lórí ọ̀dà, ẹ má ṣe pa á rárá.

Lẹ́yìn tí ẹ bá rà á

Ẹ fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún akoto tó dára, ti ẹni tó ń gùn ún àti ti ẹni tí ó gbé sẹ́yìn, nítorí méjèèjì ni òfin ojú pópó ní kí ó dé e. Ẹ ra bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ọrùn ẹsẹ̀ ni alùpùpù tó ṣubú máa ń tẹ̀. Irin ààbò abẹ́ ẹ́ńjìnnì àti ìbòwọ́ lára hándù ni ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ pé kí èèyàn so mọ́ ọn. Wẹ́lídà tó mọ iṣẹ́ ní Òṣogbo lè ṣe irin náà bí ẹ kò bá rí ti ilé iṣẹ́, kí ó kàn ṣáà fi àyè sílẹ̀ fún bóòtù tí a ń tú láti da ọ́ìlì nù. Àpótí ẹrù ńlá lè dúró ná. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ yín lórí ilẹ̀ líle, ẹ mú sípánà, kí ẹ dán gbogbo bóòtù wò, kí ẹ sì fi irin kékeré kan sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá wúwo ju ti àwọn yòókù lọ ti dẹ̀, ẹ fún un kí ẹ tó tún gùn ún.